Eré wo ló wà nínú ọkọ̀ eré?

Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì láyé àtijọ́ wá kí mi nílé ní Òkè Padre. Ọmọ náà ti di ọ̀gá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ìpadàsẹ́yìn. Ọkọ̀ tó gbé wá, ọkọ̀ Jámánì ni, ó rẹlẹ̀, ó ń kùn bí ẹkùn tí ebi ń pa. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ àdúgbò ti yí i ká. Ó ní, "Prof, agbára ẹṣin tó wà nínú ọkọ̀ yìí lé ní irinwó. Ẹ bọ́ sídìí ẹ̀, ẹ wà á wò." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

A gba ọ̀nà Bẹẹrẹ, a dorí kọ Mápó. Ẹ mọ bí Bẹẹrẹ ṣe ń rí ní Sátidé: Mìkírà níwájú, ọlọ́kadà lápá òsì, aláta tó ti tẹ́ ọjà ẹ̀ dé etí títì lápá ọ̀tún. Nínú nǹkan bí ìdajì wákàtí tí mo fi wà nídìí ọkọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àyè ṣí tí mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Háà! Ó fò sókè bí ẹni tí ejò bù jẹ, kí n sì tó mí, ìdí Mìkírà ti dé iwájú mi, mo tún di bíréèkì mú. Bá a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí a fi padà délé. Ó bi mí pé ṣé mo gbádùn ẹ̀. Mo ní ọkọ̀ tó dáa ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè tó bi mí kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níbí, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo mọ̀ jù. Ohun tí Òyìnbó ń pè ní sports car, tí ẹ bá ní kí Yorùbá túmọ̀ ẹ̀, ọkọ̀ eré ni ọ̀pọ̀ yóò sọ, ohun tó sì wà lọ́kàn wọn ni ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ wá tú u wò. Sáré: sá àti eré. Ṣeré: ṣe àti eré. Ìró kan náà, ohùn kan náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan ni, mi ò ní bá a jà lónìí. Ohun tó kàn mí ni pé sport tí Òyìnbó ń wí, inú desport, ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́, ló ti yọ ọ́, ìtumọ̀ ìyẹn sì ni fàájì, ìdárayá, ohun tí èèyàn fi ń gbàgbé iṣẹ́. Eré ṣíṣe ni, kì í ṣe eré sísá. Àwa la gba ọ̀rọ̀ náà tán tí a di eré sísá mú, tí a gbàgbé èkejì sílẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Àwọn tó ń polówó ọkọ̀ káàkiri ayé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: iye agbára ẹṣin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà fún yín.

Lójú tèmi, ọkọ̀ eré tó dáa fún ọ̀nà tí gbogbo ayé jọ ń rìn ni èyí tí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí awakọ̀ lè lo gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀ láìrú òfin, láìsọ ọmọ ọlọ́mọ dòkú.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwé ọ̀mọ̀wé nílùú Òyìnbó ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹnì kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní MG Midget kan tó ti gbó. Ẹ́ńjìnnì 1275cc, agbára ẹṣin nǹkan bí 65, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá jókòó sínú ẹ̀, ẹ óò rò pé ìdí yín ń wọ́ ilẹ̀. Ní máìlì 40 ní wákàtí, ó ń ṣe yín bíi pé 80 lẹ ń sá. Jíà mẹ́rin ló ní, a ó sì ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí a tó dé oríta kejì. Bí táyà bá gun òkúta wẹ́wẹ́, ọwọ́ yín gbọ́. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀, ìdí yín ti mọ̀ ṣáájú. Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí ó sì gùn, ọkọ̀ ìdílé lásán á yà wá sílẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á máa juwọ́ sí wa. A ò bínú.

Wọ́n ṣíwọ́ MG Midget ní 1979, wọ́n ṣíwọ́ MGB ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní 1980, ó wá jọ pé irú wọn ti tán láyé. Àfi ìgbà tó di oṣù Kejì 1989 tí Mazda gbé MX-5 jáde ní Chicago. Lítà 1.6, agbára ẹṣin nǹkan bí 115, ìwọ̀n tí kò tó tọ́ọ̀nù kan. Toshihiko Hirai, tó ṣe olórí iṣẹ́ náà, àti àwọn èèyàn ẹ̀ fi gbólóhùn Japan kan ṣe ìlànà: jinba ittai, ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan. Ní 2016, èyí tó pé mílíọ̀nù kan ti jáde. Ọkọ̀ eléèyàn méjì o!

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àwọn ará Japan fi ẹṣin ronú. Ní tiwa, ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà là ń gùn. Mọ́tò, wíwà là ń wà á, bí apẹja ṣe ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, nítorí ọkọ̀ fúnra ẹ̀, orí omi ló ti gòkè wá bá wa. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, ara àjẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohun tí omi ń wí. Kò jìnnà sí ohun tí Mazda ń wá.

Toyota gba ibòmíràn. GT86 tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ní agbára ẹṣin 200, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà tí kò fẹ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n ń fi sí Prius, ọkọ̀ àwọn tí kì í fi epo ṣòfò. Wọ́n fẹ́ kí awakọ̀ mọ ibi tí táyà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nígbà tí eré kò tíì pọ̀. Àwọn kan pariwo pé agbára ẹ̀ kò tó. Ní tèmi, ó ti wúwo jù, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ronú kan táyà yẹn mọ ohun tí eré ń jẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. MX-5 mélòó ni Prof ti rí ní Bẹẹrẹ? Mi ò tíì rí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ṣàìmọ ọkọ̀ tó fúyẹ́. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà ni Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Òjó l'Ékòó láti 1975. Ẹ̀yìn ẹ̀ tó rí róbótó la fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Ìjàpá inú àlọ́ kì í ṣe alágbára. Ọgbọ́n ló fi ń rìn. Agbára ẹṣin ogójì ó lé díẹ̀ ni mo fi ń gun òkè Mápó, mo sì ní láti pinnu láti ìsàlẹ̀ irú jíà tí n óò fi dókè. Tí mo bá ṣì í, ọkọ̀ á kú mọ́ mi lọ́wọ́ níṣojú àwọn aláròóbọ̀, wọ́n á sì bú mi. Tí mo bá ṣe é ire, inú mi á dùn títí di alẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó yí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ká gbọ́ èyí: Porsche 356, tó bẹ̀rẹ̀ ìran Porsche ní 1948, ara Ìjàpá ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ẹ̀, agbára ẹṣin ẹ̀ nígbà náà kò sì ju nǹkan bí 40 lọ.

Lónìí, Mìkírà ló jogún Ìjàpá nílùú wa. Nissan Micra onílítà kan, ìran tó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1993, agbára ẹṣin 55 ló ní, ìwọ̀n ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 800 kílò. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kan láìpẹ́ yìí láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Bóyá ni ọkùnrin náà tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ó mọ gbogbo ihò, ó mọ ìgbà tí yóò jù ú sí jíà kejì kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ó ń súfèé. Mo wo ojú ẹ̀, mo rí ẹni tó ń ṣeré. Mi ò ní yìn wọ́n tán o! Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ eré sísá ni wọ́n ń fi Mìkírà ṣe, tí bíréèkì wọn ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìyẹn kì í ṣe eré rárá.

Ìbàdàn kò sì gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa Adégòkè Adélabù lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn, nítòsí Òde-Rẹ́mọ, ìgboro sì gbaná. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó ṣaáyan ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Èmi náà ní tèmi. Ó lé ní ẹ̀ẹ̀kan tí mo ka orúkọ ní kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí gbogbo ilé dákẹ́, tí ẹnì kan wá rọra sọ pé, "Sà, ó kú lójú ọ̀nà nígbà ìsinmi."

Òfin wa ní ọkọ̀ àdáni kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 50 ní wákàtí lọ nínú ìgboro, 80 ní ọ̀nà tó jáde nílùú, 100 ní ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ alágbára irinwó, ní 100, kò tíì jí lójú oorun. Ibi tí òfin parí sí ni ìgbádùn ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni tírélà tó bàjẹ́ láìtan iná máa ń dúró sí. Wọ́n á ní èèyàn lè rọra wà á. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rọra wà á ní Sátidé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé dùndún kọ́ mi lọ́rùn tí wọ́n ní kí n má lù ú, torí ọmọ ń sùn.

Ọkọ̀ tí mo ń yìn náà ní àbùkù tirẹ̀, mi ò purọ́. Èèyàn méjì péré ló ń gbà. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́ta, ta ni yóò fi sílẹ̀? Ihò kan lọ́nà Yemẹtù lè bọ́ ikùn ẹ̀ sílẹ̀. Oòrùn oṣù Kejì kò sì bá òrùlé ṣíṣí rẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fi agbára ẹṣin yangàn ti dín ohùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi pè mí lálẹ́ àná. Ó ní bí òun bá rí MX-5 àtijọ́ rà, èyí tí ìdarí ẹ̀ wà lápá òsì, ṣé n óò bá òun wà á. Mo ní kó gbé e wá ní àárọ̀ Sunday, kí àwọn Àgùdà tó jáde ní Máàsì, nígbà tí Bẹẹrẹ ṣì ṣófo. Kó bá mi mú ìrọ̀rí kan dání o, nítorí ẹ̀yìn mi.