Kẹ̀kẹ́ Àlòkù Tí Iwájú Rẹ̀ Kò Ní Sípíríǹgì

Bí owó yín kò bá tó kẹ̀kẹ́ tuntun ní Òkìtìpupa, ẹ wá kẹ̀kẹ́ orí òkè tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ irin lásán. California ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti gbilẹ̀; ilé-iṣẹ́ Specialized gbé kẹ̀kẹ́ orí òkè tí wọ́n pè ní Stumpjumper jáde ní 1981, kò sì sí sípíríǹgì níwájú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko náà kò ní in.

Mo fẹ́ràn irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí Òkìtìpupa wà, níbi tí òjò ti ń sọ ọ̀nà oko ọ̀pẹ di ẹrẹ̀, sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú á mu omi, á dípẹtà, á sì gan. Bí férémù irin bá sán, wẹ́dà lè jó o padà.

Ẹ mú irin òòfà dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á: bó bá lẹ̀ mọ́ férémù, irin ni. Ẹ yẹ ibi tí irin ti pàdé irin wò, pàápàá nísàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, torí ọ̀dà tuntun lè bo ojú ibi tó sán. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè, kí ẹ yí táyà. Rímù kò gbọdọ̀ máa mì. Ẹ fa ṣéènì níwájú. Bó bá ń ṣí kúrò lára eyín, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣeé pààrọ̀. Ọ̀pá ìjókòó ni kí ẹ bẹ̀rù: bó bá ti gan sínú férémù, tí kò ṣeé gbé sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá òmíràn.