Abẹ́rẹ́, Rọ́bà àti Ìlù Àpàlà

Àwọn tí ó ṣì ń lo giramafóònù àtijọ́ a máa sáré ra sípíkà ńlá kí orin lè dùn sí i. Abẹ́rẹ́ àti rọ́bà tí ń yí àwo ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ gbọ́ àwo Oroki Social Club tí olóògbé Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣe ní ọdún 1971. Bí abẹ́rẹ́ bá ti jẹ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò dà bí ìgbà tí a ń gbọn yanrìn. Agídìgbo nìkan ni sípíkà ńlá náà yóò máa pariwo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ń ha ojú àwo, ohun tí ó bá sì ha dànù kò ṣeé dá padà.

Ti rọ́bà tilẹ̀ le jù. Ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ni irú àwo bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí rọ́bà bá dẹ̀, tí yíyí kò dọ́gba mọ́, ohùn ìlù yóò máa lọ sókè sódò láìjẹ́ pé onílù rán an níṣẹ́. Ohùn sì ni ọ̀rọ̀ ìlù: bí ọkọ́ bá lè di ọkọ̀, kí ni à ń gbọ́?

Ọmọ tí a bí sí Tudun Wada, ní Minna, tí ó jẹ́ pé àwo bàbá rẹ̀ nìkan ni ó fi ń gbọ́ àpàlà, kò ní mọ̀ pé rọ́bà ni. Yóò ní onílù Hárúnà ni kò mọ ìlù lù.