Ta Ló Ń Yí Bọ́tìnnì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwọnú Ayé Inú Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ohùn tàbí ti ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ tí ẹ mọ̀ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sílé.

Ọmọ ọmọ mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ó mú ohun kan dání tí wọ́n ń dè mọ́rí, tó máa ń bo ojú pátápátá. Headset ni àwọn ọmọ ń pè é. Ìbòjú ni èmi á máa pè é. Téèyàn bá gbé e wọ̀, á bá ara rẹ̀ nínú ayé mìíràn, tó ní iwájú, tó ní ẹ̀yìn, tó ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá àgbà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín." Ó gbé e wọ̀ mí, ó tún fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ dí mi létí. Kò pẹ́ rárá tí mo fi bá ara mi nísàlẹ̀ òkun, tí ẹja ńlá kan ń rọra bọ̀ wá bá mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti wọlé. Ẹni ọdún 81 ni màmá náà. Àna mi ni, ẹni tí mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún títí dòní olónìí, bí orúnkún ṣe ń dùn mí tó. Wọ́n dúró níwájú mi gan-an, wọ́n ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ kú ilé o." Kò sí ìdáhùn. Wọ́n tún un kí. Èmi ń na ọwọ́ sí ẹja. Ìyàwó mi ló sáré jáde láti ilé ìdáná tó gbá mi léjìká. Mo ta gìrì, mo wá ọ̀nà àbájáde, mi ò rí i. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n tẹ nǹkan kan lọ́wọ́ mi kí mẹ́nù lè yọ, kí n wá na ìtànṣán kan sí ibi kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ mẹ́nù náà. Ta ló fẹ́ rántí ìyẹn nínú òkun? Ọmọ náà ló wá ṣí i kúrò lójú mi. Nígbà tí mo fi máa dọ̀bálẹ̀, màmá ti lọ jókòó sí ìta. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ ti lọ síbi tí wọn kì í ti í kí èèyàn ni." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sílé wọn kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ, nítorí mo fẹ́ mọ ẹni tó ń pinnu bí èèyàn ṣe máa jìn tó nínú ayé ọ̀hún, àti ẹni tó ń fà á jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Immersion ni Òyìnbó ń pè é. Inú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kí a ri nǹkan bọ inú omi. Janet Murray, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1997, ṣàlàyé pé àwòrán ẹni tí omi bò mọ́lẹ̀ ló wà nídìí lílo ọ̀rọ̀ yìí fún ìtàn àti fún kọ̀ǹpútà. Tí a bá ní ká túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, ìrìbọmi ló máa bọ́ sí wa lẹ́nu, àwọn ará ìjọ Onítẹ̀bọmi á sì rò pé ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Èmi fara mọ́ ìwọnú. A máa ń sọ pé ẹnì kan ti wọnú ayò, tàbí pé ó ti wọnú eré orí rédíò débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lórí iná. Kò sí ìbòjú kankan lójú ẹni náà. Mel Slater, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí: ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ lè gbé síwájú ojú àti etí wa, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń ṣe wá bíi pé a wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni bọ́tìnnì lè yí.

Ewu tó wà nínú àwòrán omi ni pé omi ní ìwọ̀n kan ṣoṣo: ó jìn tàbí kò jìn. Lọ́dún 1994, Paul Milgram àti Fumio Kishino fa ìlà kan tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí. Ayé tòótọ́ wà ní ìpẹ̀kun kan, ayé inú ẹ̀rọ wà ní ìpẹ̀kun kejì, àdàlù oríṣiríṣi sì wà láàárín. Gbogbo èèyàn ló ń fa ìlà náà yọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka àpilẹ̀kọ náà dópin. Àwọn méjèèjì fúnra wọn rí i pé ìlà kan kò tó, wọ́n sì fi òṣùwọ̀n mẹ́ta sílẹ̀: bí ẹ̀rọ ṣe mọ ayé tó ń fi hàn tó, bí àwòrán rẹ̀ ṣe dára tó, àti bó ṣe ń mú kó jọ pé a wà níbẹ̀ tó. Ìlà nìkan ló rìn dé ìta. Ohun tó rọrùn láti yà sójú pátákó ló máa ń pẹ́ láyé, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ni náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlà yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Apple sọ di bọ́tìnnì lórí Vision Pro, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2024, láti dọ́là 3,499 lọ sókè. Bọ́tìnnì náà wà lókè ìbòjú, lápá ọ̀tún, ó ṣeé yí bíi ti rédíò àtijọ́. Tí ẹ bá yí i síbì kan, yàrá yín á máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀, òkè Haleakalā tàbí ojú Òṣùpá á sì máa gba ipò rẹ̀. Tí ẹ bá yí i padà, yàrá á padà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti jáde. Ẹ jẹ́ n yìn wọ́n kí n tó bá wọn jà: ọgbọ́n ńlá ni. Ara irin gidi ni ọ̀nà àbájáde wà, kì í ṣe inú àlá. Ọwọ́ á mọ ibẹ̀ láìsí pé ojú ń wá a. Quest 3 ti ilé iṣẹ́ Meta, tó jáde lọ́dún 2023 ní dọ́là 499, ní ọgbọ́n tó jọ ọ́: téèyàn bá ti tò ó bẹ́ẹ̀, kó kàn fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yàrá á yọ sí i. Ká ní mo ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí màmá wọlé, ẹja ì bá dá nìkan lọ.

Àríwísí mi rèé. Ojú nìkan ni bọ́tìnnì yẹn ń bá ṣe ní kíkún. Gbohùngbohùn Vision Pro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kò dí i. Nítorí náà ẹ lè wà lórí Òṣùpá kí ẹ máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Tí ẹ bá wá fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ dí etí, yàrá lè wà gbangba níwájú yín kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ojú wà nílé, etí wà lóko. Ibo lẹ wà lórí ìlà Milgram?

Ẹ rántí kíláàsì fònẹ́tíìkì wa. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí i, tí mo ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, n óò kan e, n óò kan ẹ, n óò dé a. Orí ìlà kan ni mo ń rìn. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí n la ẹnu tó, a kò ní di an láé. Imú ló ni ìyẹn, àfàsé ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàpèjúwe fáwẹ̀lì wa pẹ̀lú ìwọ̀n ìlanu nìkan á pàdánù gbogbo àwọn aránmúpè. Ojú, etí, àti àwọn èèyàn tó yí wa ká: ìbéèrè mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èkejì.

Àwọn tó ń kọ́ géèmù ti mọ èyí ṣáájú. Lọ́dún 2008, géèmù Dead Space jáde. Wọn kò kọ iye ẹ̀mí tó kù fún akọni sí igun ojú gíláàsì. Iná kan ló ń tàn lẹ́yìn aṣọ rẹ̀, lójú ọ̀pá ẹ̀yìn. Inú ayé rẹ̀ ni iná yẹn wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Chalmers ní Sweden, Erik Fagerholt àti Magnus Lorentzon, kọ iṣẹ́ ìwádìí kan lórí irú nǹkan báyìí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n béèrè: ṣé ohun tí a rí lójú ẹ̀rọ wà nínú ìtàn? Ṣé ó wà nínú àyè tó ní jíjìn àti gíga? Bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́ méjì bí ọ̀nà mẹ́rin. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè gidi nìyẹn, bí a ṣe ń to àbùdá ìró gẹ́lẹ́. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí àwọn mìíràn ṣe wá sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo nǹkan sá pamọ́ sínú ayé géèmù, bíi pé bí ohun èlò bá ṣe farasin tó ló ṣe dára tó. Ilẹ̀kùn àbájáde kò gbọ́dọ̀ farasin. Ẹja ni kí ẹ fi pamọ́.

Ti ara yàtọ̀ sí ti ìwà. Lọ́dún 2016, Ajoy Fernandes àti Steven Feiner ní Columbia fi hàn pé tí ẹ̀rọ bá ń dín fífẹ̀ ohun tí ojú ń rí kù díẹ̀díẹ̀ nígbà téèyàn bá ń rìn nínú ayé náà, èébì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Google Earth VR lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń fò lókè ìlú. Níbí, mo gbà kí ẹ̀rọ máa yí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, nítorí ara kì í dúró gba àṣẹ kó tó bì. Bákan náà ni Vision Pro: tí ayé inú rẹ̀ bá ti bo ojú tán, tí ẹ wá rìn kúrò lójú ibi tí ẹ wà, yàrá á yọ kí ẹ má baà kọlu ògiri. Ìyẹn náà dáa.

Nígbà tó bá kan èèyàn ńkọ́? Apple gbìyànjú. Tí ẹnì kan bá sún mọ́ yín, àwòrán rẹ̀ á rọra là yọ láàárín ayé tí ẹ wà. Ní ojú òde ìbòjú náà, àwòrán ojú yín á hàn sí ẹni tó dúró. Bí ẹ bá sì ti wọnú ayé tán, àwọ̀ tó ń rú bí ìkùukùu ni yóò rí dípò ojú. Mo mọrírì èyí ju bí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe rò lọ. Ó kéré tán, wọ́n rántí pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá. Àbí kí la fi àwọ̀n sójú eégún fún, tí a sì ní kí atọ́kùn máa rìn níwájú? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ìkùukùu pàdé mọ̀ pé wọn kò rí òun ni, kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ni bọ́tìnnì wà fún. Màmá ọjọ́sí kò ní ohun tí wọ́n lè yí.

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹrajà kì í kà. Láti visionOS 2, ẹni tó kọ áàpù lè pinnu ibi tó kéré jù àti ibi tó pọ̀ jù tí bọ́tìnnì lè yí ìwọnú dé nínú áàpù rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ jáde pátápátá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rí díẹ̀ sí i nínú yàrá mi, kí ló kan ẹni tó kọ áàpù? Gbígbé ààlà òkè kalẹ̀ yé mi; ti ìsàlẹ̀ ni kò yé mi. Ilé mi nilé mi.

Lọ́dún 1968, ìbòjú tí Ivan Sutherland ṣe ní gíláàsì téèyàn ń rí yàrá gba inú rẹ̀. Ìlà tí kọ̀ǹpútà yà kàn hàn lórí ohun tó wà níwájú ni. Mi ò ní ká padà síbẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ fún ojú, ọ̀tọ̀ fún etí, lára ìbòjú gan-an, àti ọ̀nà kan tí ẹni tó wà lóde fi lè kanlẹ̀kùn, kó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìlù kan dún sí mi létí.

Mo sọ èyí fún ọmọ ọmọ mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ibì kan wà nínú mẹ́nù tiwọn tí wọ́n ti lè mú kí ohùn yàrá máa wọlé. Mo ní kó wá a kí n máa gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi di fóònù mú kó tó rí i.