Ìdíje Ló Bí I
Ìdíje ló bí ìwé ìtàn Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Ní 1936 ni D. O. Fágúnwà kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìwé náà jáde ní 1938. Lónìí, fóònù ti tó láti fi wọ ìdíje. Ọ̀fẹ́ ni ìdíje ìtàn kúkúrú Commonwealth Short Story Prize, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń fi ìtàn ṣọwọ́ sí i: kó má dín ní 2,000 ọ̀rọ̀, kó má ju 5,000 lọ.

Owó ẹ̀bùn kọ́ ló wù mí jù níbẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó dùn!), gbèdéke ni. Ìtàn tó ti ń sùn látèṣí yóò jí, òǹkọ̀wé yóò gé àsọdùn kúrò, yóò tún ìparí kọ. Ó kù díẹ̀ káàtó, ṣá: wọ́n ń gba Swahili, wọn ò gba Yorùbá.