Ojú Táyé, Ojú Kẹ́hìndé: Lẹ́ńsì Àfọwọ́yí àti Fọ́tò Ìbejì ní Igbó-Ọrà

Nínú ìlú méjèèje tí à ń pè ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà ni kámẹ́rà mọ̀ jù lọ, àwọn ìbejì ló sì fà á. Ìwádìí tí Dókítà P. P. S. Nylander ṣe níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ìbí 1,000, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì. Iye ti ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ewé ilá ló ń fà á, àwọn kan ní iṣu ni. Ìyẹn kọ́ ni tèmi lónìí. Tèmi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá dúró síwájú lẹ́ńsì. Láti 2018 tí àjọ̀dún ìbejì ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà, fọ́tò tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀, ó sì pọ̀ nínú wọn tí ojú ọ̀kan mọ́ kedere tí ti èkejì rí bàìbàì bí ẹni tó dúró sínú ọyẹ́. Àwọn tó yà á kì í kà á sí àbùkù. Wọ́n ní bí fọ́tò ìgbàlódé ṣe ń rí nìyẹn, pé ẹ̀yìn tó ṣú ló ń fi hàn pé lẹ́ńsì olówó iyebíye ni wọ́n fi yà á.

N kò gbà. Ní 1978, Stephen Sprague gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ya ara wọn ní fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún ló ti rí i pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú nígbà náà kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, èyí tó kù ni wọn yóò yà, ayàwòrán yóò sì tẹ nẹ́gátífù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì ló jókòó tira wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó wà láyé yóò wọ aṣọ ọkùnrin, wọn á yà á, yóò tún wọ aṣọ obìnrin, wọn á tún un yà. Ohun tí Sprague kò tẹnu mọ́, tó sì ṣe pàtàkì sí mi, ni pé bí nẹ́gátífù bá jẹ́ ọ̀kan náà, bí ojú òsì bá ṣe mọ́ ni ti ọ̀tún yóò ṣe mọ́. Òkú gba ìwọ̀n fókọ́ọ̀sì tí alààyè gbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìbejì nìyẹn: aṣọ tí a bá rà fún Táyé, a ó ra irú rẹ̀ fún Kẹ́hìndé.

Robert Farris Thompson náà ti lọ bi àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá léèrè irú ère tí wọ́n ń pè ní dáadáa. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1973, ó to jíjọra àti ìfarahàn mọ́ ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n: kí ère jọ ènìyàn láìjọ ọ́ jù, kí ilà àti ẹ̀yà ara rẹ̀ sì hàn ketekete. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo fọ́tò ìbejì, ojú tó ṣú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá.

Báwo ni ojú kan ṣe ń mọ́ tí èkejì ń ṣú? Lẹ́ńsì kì í mú ohun gbogbo bákan náà. Ibì kan ṣoṣo níwájú rẹ̀ ló mọ́ pátápátá. Ohun tó bá wà níwájú ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ á máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Gbé lẹ́ńsì 50 mm sórí kámẹ́rà full frame, ṣí i sí f/1.8, kí ọmọ náà sì jìnnà sí ọ ní mítà kan ààbọ̀. Gbogbo àyè tó mọ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìdajì níwájú, ìdajì lẹ́yìn. Kí Kẹ́hìndé kàn fẹ̀yìn ti ògiri, kí Táyé na ọrùn síwájú, ojú ọ̀kan ti bọ́ síta nìyẹn. Bí a bá dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/5.6, àyè yẹn di nǹkan bí 30. Ní f/8, ó lé ní 40. Ìmọ̀ yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kámẹ́rà òde òní mọ ojú ènìyàn í wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan ló ń mú, èyí tó sún mọ́ ọn jù ló sì sábà máa ń mú. Lọ́dọ̀ tiwa, Táyé tó kọ́kọ́ jáde ni àbúrò. Kẹ́hìndé tó rán an wá tọ́ ayé wò ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fi ẹni iwájú ṣe àgbà kò mọ ilé tó wọ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń jó tàbí tí wọ́n ń sáré, kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọwọ́ wa kò lè yá tó o. Fún fọ́tò ìjókòó, lẹ́ńsì àfọwọ́yí ni mo fara mọ́, torí ọwọ́ tó ń yí i kò lè ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ló yan ojú tó mọ́.

Àwọn ayàwòrán àtijọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn. Kí kámẹ́rà Minolta 7000, tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tó dé ní 1985, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé fọ́tò fi ń ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọn, dígí kékeré kan wà láàárín ibi tí wọ́n ń yọjú wò, tó ń pín àwòrán sí méjì títí fókọ́ọ̀sì yóò fi bọ́ sípò. (Yashica-Mat 124G tiẹ̀ jẹ́ ìbejì fúnra rẹ̀: lẹ́ńsì òkè ń wò, ti ìsàlẹ̀ ń yà.) Nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, wọ́n yọ dígí yẹn kúrò, wọ́n fi èyí tó mọ́lẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ rọ́pò rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fi ìyàtọ̀ hàn bí lẹ́ńsì bá ṣí ju nǹkan bí f/2.8 lọ. Ẹni tó fi ojú lásán yí lẹ́ńsì f/1.4 lórí DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí tó ń gbé àwòrán sókè síbi tí a ń yọjú wò) ń gba irọ́ gbọ́: ohun tó rí pé ó mọ́ lè má mọ́ nínú fọ́tò.

Kámẹ́rà mirrorless, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Panasonic G1 ní 2008, ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Kò sí dígí tó ń gbé àwòrán sókè nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹnu rẹ̀ sún mọ́ sẹ́ńsọ̀: mìlímítà 18 lórí Sony E, nígbà tí lẹ́ńsì Nikon F àtijọ́ ń fẹ́ 46.5. Adápítọ̀ ló ń dí àlàfo àárín wọn. Bí lẹ́ńsì tòkunbọ̀ ọdún 1970 ṣe tún rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn. Òrùka rẹ̀ ń yí jìnnà, ó sì so mọ́ lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, ó rọrùn láti fi wá ibi tó péye ju ti ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tuntun lọ, níbi tó jẹ́ mọ́tò ni òrùka ń pàṣẹ fún.

Síbẹ̀, mirrorless náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Focus peaking ń fi àwọ̀ kun etí ohun tó bá mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí funfun àti dúdú ti pàdé ló fẹ́ràn. Ìbejì Ìbàràpá tó wọ léèsì funfun fún òde, léèsì wọn ni yóò tàn yòò, ojú wọn tó dúdú mìnìjọ̀ yóò wà láìní àmì, ayàwòrán á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kí ó fi àwọ̀ yẹn sílẹ̀, kí ó fẹ àwòrán náà sí ìlọ́po mẹ́wàá, kí ó wá ìmọ́lẹ̀ tó ń dán nínú ẹyinjú ọ̀kan, kí ó sún lọ sí ti èkejì, kí ó tó dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/5.6 tàbí f/8. Bí lẹ́ńsì náà bá jẹ́ irú èyí tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń sún bí a bá dín ojú rẹ̀ kù, kí ó tún un wò níbẹ̀. Àárín àwòrán kọ́ ló yẹ kó ti mú fókọ́ọ̀sì kó tó wá yí kámẹ́rà sápá kan: ní mítà kan ààbọ̀, bí ó bá yí i ní digírì 15 péré, fókọ́ọ̀sì ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ẹyinjú, èyí sì tó láti ba f/1.8 jẹ́. Kí ó mú wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, kí kámẹ́rà dojú kọ wọ́n gbọọrọ.

Bénédicte Kurzen àti Sanne De Wilde gba ọ̀nà mìíràn nínú Land of Ibeji, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn World Press Photo ní 2019, tí Igbó-Ọrà sì wà lára ibi tí wọ́n ti yà á. Wọ́n fi àwọ̀, dígí àti àwòrán tó gun orí ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìbejì. Mo yin ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n àlá ni wọ́n ń yà. Ìyá tó fẹ́ fọ́tò tí yóò gbé kọ́ sí pálọ̀ ní Èrúwà kò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ àlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ìbejì, kí ẹ tó san owó tó kù fún ayàwòrán, ẹ fẹ fọ́tò náà lórí fóònù yín, ẹ wo ẹyinjú àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ṣú, ẹ ní kó tún un yà.