Níbo ni Ọkàn Ẹtu Wà? Àtúnkà Oríkì Ẹranko nínú Ìjálá

Láti ìgbà tí S. A. Babalọlá ti gbé The Content and Form of Yoruba Ijala jáde ní ọdún 1966, àwọn onímọ̀ ti gbà pé oríkì ẹranko jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára kókó inú ìjálá. Ẹwà èdè ni a sábà máa ń yẹ̀ wò nínú rẹ̀: àfiwé, àwítúnwí, ẹ̀fẹ̀. Àbá tiwa ni pé ìmọ̀ nípa ara ẹran ni oríkì náà pẹ̀lú, àti pé ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè ibi tí ìmọ̀ náà mọ.

Òǹkìjálá tó ń ki ẹtu, èsúró tàbí ìgalà a máa sọ nípa awọ, ìrù, ìwo, ìrìn àti adùn ẹran wọn. Ojú ẹni tó rí ẹran lókèèrè àti ojú ẹni tó ti sè é lọ́bẹ̀ ni ó fi ń wò ó. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, ìyẹn ìgbà tí ọta wọ ara ẹran, oríkì kì í sábà dúró níbẹ̀. Òwe náà ṣe bákan náà: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà ọdẹ ni òwe kà, kò ka ti ẹran. Ìrèmọ̀jẹ́, tí Bádé Àjùwọ̀n kọ ìwé lé lórí, ọdẹ tó kú ni òun náà ń dárò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọdẹ kò mọ inú ẹran. Ibi tí wọ́n ti ń kun ẹran ni ìmọ̀ yìí wà. Ẹni tó bá ti kun ẹtu rí mọ̀ pé ìsàlẹ̀ àyà ni ọkàn wà, lẹ́yìn ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú, tí ẹ̀dọ̀fóró sì yí i ká. Ẹ̀yìn wọn ni ikùn wà, tí ṣàkì àti ìfun kún inú rẹ̀. Ẹran tí ọta bá bà lọ́kàn tàbí lẹ́dọ̀fóró kì í sábà rìn jìnnà. Èyí tí ó bá bà níkùn lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí joró, kó sì kú síbi tí ọdẹ kò ní rí i. Nítorí náà ni ọdẹ tó mọṣẹ́ fi ń dúró kí ẹran fẹ̀gbẹ́ hàn kó tó yìnbọn. Ẹtu kì í sábà wọ̀n ju kílógíráàmù 10 lọ. Ibi tó yẹ kí ọta bà lára rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ púpọ̀. Lóru, iná orí ọdẹ ń mú kí ojú ẹran tàn, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ara rẹ̀ hàn, ọta ṣakabùlà sì máa ń fọ́n ká. Sùúrù àti ìsúnmọ́ni nìkan ló lè dí àlàfo yìí.

Ní Jámánì, ọdẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kó tó gba ìwé àṣẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yìn ọ̀gá ni ọmọ ọdẹ ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọdún Ọlọ́jọ́ ti ń gbé wa lọ sí Òkè Mògún lọ́dọọdún, ọmọ Ìlàrè lè mọ orúkọ Ògún àti ohùn ọdẹ dáadáa láì tẹ igbó rí. Ohùn ń yè, ibi ìkunran sì ń jìnnà sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ oríkì ni láti yin ẹran, kì í ṣe láti kọ́ni ní ìbọn yíyìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwa lámèyítọ́ ló ń pe ìjálá ní àká ìmọ̀ igbó. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí a sọ ohun tí kò sí nínú àká náà. Kí ẹni tó ń gba ìjálá sílẹ̀ tẹ̀lé òǹkìjálá dé ibi tó ti ń kunran, kó béèrè orúkọ ohun tí ọ̀bẹ kàn níkọ̀ọ̀kan, kó sì béèrè ohun tí ọdẹ máa ń ṣe nígbà tí ẹran bá gbọgbẹ́ sá lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ẹran tí a ń kì ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ ẹni tó ń kì í.