Oníṣègùn Tí Ó Wo Ìwé Sàn

Nígbà tí mo wà ní èwe ní Ọ̀tan Ayégbajú, ìwé kan wà nínú àpótí bàbá mi tí àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ààlà ilẹ̀ bá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn àgbà, bàbá mi a gbé ìwé náà jáde, a sì túmọ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wọn. Bí ó bá ti ní, ‘Johnson ni ó wí bẹ́ẹ̀,’ ẹnu a wọhò. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè pé: Johnson wo?

Orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson ni a mọ̀ mọ́ The History of the Yorubas, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, òun ni ó sì parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ṣùgbọ́n ìwé tí Samuel parí kọ́ ni ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ní 1899, a fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Obadiah, àbúrò rẹ̀, dé ibẹ̀ ní 1900 láti wádìí, wọ́n ní àwọn ti ṣì í gbé, àwọn kò sì rí i mọ́. Ní 1901, Samuel kú.

Ta ni Obadiah yìí? Ní 1849 ni a bí i ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Bàbá wọn kó wọn wá sí Ìbàdàn ní èwe. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní London, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889, lẹ́yìn tí ó kọ ìwé lórí ọ̀nà ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́ oníṣègùn fún ìjọba ní Èkó títí di 1897. Láti 1901 títí di 1913, ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ara ènìyàn sàn wá bá ìwé tí ó kú níwájú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó kó jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun.

Àjálù kò tíì tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1916, ìwé náà wà nínú ọkọ̀ Appam nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì mú un lójú òkun, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921. Ẹni tí ó bí i kò rí i, ẹni tí ó wò ó sàn náà kò rí i.

Ó dùn mọ́ mi láti fi Obadiah wé Thomas Linacre, ọ̀mọ̀wé ìgbà ìsọjí ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù, tí ó di oníṣègùn ọba Henry Kẹjọ ní 1509. Linacre túmọ̀ ìwé Galen láti èdè Gíríkì sí èdè Látìn. Ní 1518 ó dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn London sílẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1524, ó fi owó sílẹ̀ fún ìkọ́ni ìṣègùn ní Oxford àti Cambridge. Obadiah náà fi £5,000 sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Fourah Bay. Àwọn méjèèjì gbà pé ìwé àtijọ́ àti ara aláìsàn, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ó kan wá jù. Ẹni tí ó bá ṣiyèméjì sí Linacre lè ṣí Galen ní èdè Gíríkì kí ó wò ó. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Obadiah, nítorí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ti sọnù. Ó jẹ́ olóòótọ́: nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó jẹ́wọ́ pé òun tún àwọn orí kan kọ, òun gé àwọn kan kúrú, òun fẹ àwọn mìíràn lójú, òun sì fi tuntun kún un. Ohun tí kò sọ ni èwo ni èwo. Oníṣègùn rere a máa fẹ́ kí ojú àpá parẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olóòtú fi àpá hàn wá. Ẹ̀sùn mi kò ju èyí lọ, kò sì kéré.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Nínú ìwé náà, Ọ̀ràngún Ìlá wà láàrin ọmọ ọba méje tí ó ti Ifẹ̀ jáde. Òun ni a kà ṣe ẹ̀kẹrin. Ọ̀rànyàn ni ó kẹ́yìn, síbẹ̀ ìtàn Ọ̀rànyàn àti Ọ̀yọ́ rẹ̀ ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé. Nígbà tí a bá dé ogun Kírìjì, tí Ìgbájọ, aládùúgbò wa, wà lẹ́yìn ibùdó Ìbàdàn, tí Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lẹ́yìn ti àwọn Èkìtìparapọ̀, ìwé náà kún fún ohun tí ojú rí, nítorí Samuel fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàrin ibùdó méjèèjì títí ogun fi tú ká ní September 1886. Ìyá bàbá mi a máa sọ pé láti oko ni àwọn òbí òun ti ń gbọ́ ìró àgbá náà. Àwọn tí ó wà ní oko wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé. Ṣé Samuel ni kò kọ wọ́n ni, àbí wọ́n wà lára ohun tí a gé kúrú? Ẹni tí ó lè dá wa lóhùn ti lọ.

Síbẹ̀, n kò jẹ́ sọ pé kí a ju ìwé náà nù. Bí kò bá sí sùúrù oníṣègùn náà, òfìfo ni àpótí bàbá mi ì bá jẹ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bí àwọn ará ilé bá ní kí n ṣí i láti fi parí ìjà, mo máa ń ṣí i. Mo máa ń ní, ‘Àwọn Johnson méjèèjì ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀.’ Lẹ́yìn náà, n óò pa á dé, n óò sì bẹ ẹni tí ó dàgbà jù níbẹ̀ kí ó sọ èyí tí òun gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀.